Aṣọ Kọ́ Ni Ọ̀rọ̀: Ohun Tí Ìṣègbèfábo Ń Bi Fídíò Orin

Ní Èkó, ó ṣòro kí èèyàn jókòó fún wákàtí kan níbi tí tẹlifíṣàn wà kí fídíò orin má kọjá lójú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Múṣin, ní ilé oúnjẹ ní Yábàá tàbí níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ní Súrùlérè. Bí èyí tó ń lọ lọ́wọ́ bá jẹ́ èyí tí àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ wọ aṣọ péńpé, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àgbàlagbà kan á ní ayé ti bàjẹ́, ọ̀dọ́ kan á ní ojú ló là, ẹnìkan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á sì fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé kí wọ́n pe àwọn obìnrin tó ń pariwo ẹ̀tọ́ wá, kí wọ́n wá fòfin de gbogbo rẹ̀. Gbogbo ilé ló máa ń gbà pé ibi tí àgbàlagbà yẹn dúró sí náà ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn dúró sí. Èrò yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí òun ló ń mú kí ọ̀rọ̀ fẹ́mínísìmù, tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ń pè ní ìṣègbèfábo, rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú bó bá ti kan orin àti ìpolówó ọjà.

Ẹni tí ìhòòhò ń bí nínú, ìbéèrè kan ló ní: báwo ni ara tó hàn síta ṣe pọ̀ tó? Ẹni tó ń fi ojú ìṣègbèfábo wo nǹkan kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí òun ń bèèrè ni pé ta ló ń wò, ta ni wọ́n ń wò, ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń ṣe ohun tó ń mú ìtàn tẹ̀ síwájú, ta ni kò sí níbẹ̀ rárá, ta sì ni owó rẹ̀ ń wọlé fún. Àwọn méjèèjì lè fẹnu kò lórí fídíò kan, kí wọ́n sì ta ko ara wọn pátápátá lórí òmíràn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ní ọ́fíìsì tirẹ̀. Òfin ọdún 1992 ló dá àjọ NBC sílẹ̀ láti máa mójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà, ó sì ní ìwé ìlànà tó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn olórin àti àwọn tó ń ya fídíò fún wọn mọ lẹ́tà mẹ́rin tó máa ń já wọn láyà, NTBB, tó túmọ̀ sí pé orin tàbí fídíò náà kò gbọdọ̀ jáde lórí afẹ́fẹ́. Èmi kò sọ pé iṣẹ́ náà kò wúlò, nítorí àwọn ọmọdé ń wo tẹlifíṣàn lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n fídíò kan lè kọjá níwájú àjọ náà láìfarapa, kó sì jẹ́ pé orí rẹ̀ gan-an ni ìṣègbèfábo ti ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù láti sọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀kan tí kì í ṣe ti olórin kankan, tó sì jẹ́ pé gbogbo wa ti rí irú rẹ̀. Wọ́n háyà ilé ńlá kan ní Lẹ́kí fún ọjọ́ kan. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì wọlé, olórin bọ́ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà sì ti ń wò ó, tó fi dà bíi pé ó ga ju ògiri ilé lọ. Ojú rẹ̀ la kọ́kọ́ rí, ẹnu rẹ̀ ń mì, òun ló ń sọ ìtàn fún wa. Lẹ́yìn náà la dé etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, níbi tí ọmọbìnrin kan dùbúlẹ̀ sí. Kámẹ́rà kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ojúgun, ó dé itan, ó dúró díẹ̀ níbi ìbàdí, ó gba àyà kọjá, ó dé ètè, bó sì ṣe kù díẹ̀ kó kan ojú ni wọ́n gé e, tí a tún fi padà sọ́dọ̀ olórin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí a máa wá rí ojú ọmọbìnrin náà, awò dúdú ló bò ó. Àwọn mẹ́ta mìíràn dé, wọ́n jó, wọ́n lọ. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò tí wọ́n sì fi òmíràn dípò rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn pààrọ̀ àga oníke tí wọ́n háyà fún àríyá, kò sí ohun tó máa yí padà nínú ìtàn náà. Nígbà tí orin bá parí, orúkọ olórin á jáde, ti iléeṣẹ́ orin á jáde, ti olùdarí fídíò náà á jáde. Orúkọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yẹn kò ní sí níbẹ̀.

Ó wá kù kí ẹ wọ ìró àti bùbá fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wé gèlè fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà: ibi tí kámẹ́rà gbà, ibi tí wọ́n ti gé e, ẹnu tí kò ya, orúkọ tí kò jáde. Àgbàlagbà wa inú ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́. Ìṣègbèfábo kò ní dákẹ́, nítorí kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀ tí aṣọ náà dáhùn.

Laura Mulvey, onímọ̀ sinimá ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àlàyé rẹ̀ lórí ìrìn kámẹ́rà yìí lókìkí jù lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Screen ní 1975. Sinimá Hollywood ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe fídíò orin. MTV pàápàá, tẹlifíṣàn fídíò orin ti Amẹ́ríkà, kò tíì sí nígbà yẹn, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mulvey ní ojú mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú sinimá: ojú kámẹ́rà, ojú àwọn èèyàn inú ìtàn bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn, àti ojú àwa tí a jókòó tí à ń wòran. Nínú sinimá tó yẹ̀ wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti para pọ̀ di ojú kan ṣoṣo, ojú ọkùnrin, débi pé obìnrin tó sanwó wọlé láti wòran pàápàá, ojú ọkùnrin ni wọ́n yá a láti fi wo obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú fídíò wa ti Lẹ́kí, kámẹ́rà ń wo ọmọbìnrin, olórin ń wo ọmọbìnrin, àwa náà ń wo ọmọbìnrin. Òun nìkan ni kò wo ẹnikẹ́ni.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi Mulvey gbọ́. Kò sọ pé èèyàn burúkú ni ọkùnrin tó ń wo fídíò, kò sì sọ pé kí ó ti tẹlifíṣàn pa. Ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá wo fídíò náà, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, pásítọ̀ ni o, ààfáà ni o, ibẹ̀ ni yóò ti wò ó. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè dán an wò fúnra rẹ̀: kí ó pa ohùn fídíò tó fẹ́ràn jù, kí ó sì máa wo kìkì ibi tí kámẹ́rà bá ti kọ́kọ́ fi ara kan ẹni kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, kò ní pẹ́ rí i pé ojú ni kámẹ́rà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn kan, ẹsẹ̀ tàbí ìdí ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn yòókù.

Ní 1995, Martha Nussbaum, onímọ̀ èrò orí ará Amẹ́ríkà, gbìyànjú láti sọ ohun tó jẹ́ gan-an pé wọ́n sọ èèyàn di nǹkan. Àmì méje ló kà. N kò ní ka gbogbo wọn síhìn-ín, àmọ́ mẹ́rin á ran òǹwòran lọ́wọ́: pé wọ́n ń lo ẹni náà fún ète ẹlòmíràn, pé wọ́n ń ṣe sí i bí ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe, pé wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbàkigbà, àti pé kò sí ẹni tó bìkítà nípa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Rae Langton, onímọ̀ èrò orí bíi tirẹ̀, fi mẹ́ta kún un lẹ́yìn náà, ọ̀kan lára wọn sì ni ìpanilẹ́numọ́, ìyẹn kí wọ́n máa ṣe sí èèyàn bí ẹni tí kò ní ohùn rárá. Ẹ kíyè sí i pé kò sí aṣọ nínú gbogbo èyí. Nussbaum fúnra rẹ̀ sì sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí àmì kan bá hàn ni nǹkan ti bàjẹ́: ẹni tó gbórí lé ikùn olólùfẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ìrọ̀rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí olólùfẹ́ náà bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn nínú gbogbo ìyókù, kò sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí àwọn ọkùnrin máa ń fi dá ọ̀rọ̀ náà dúró, pé ṣé kí àwọn má wo obìnrin tó rẹwà mọ́ ni, kò fi bọ́ sí ọ̀nà. Ẹni tó bá ti lọ òde àríyá ní Èkó mọ̀ pé gbogbo ojú lè máa wo obìnrin kan kó má sì di nǹkan. Ẹ wo ìyá kan tó ń ṣe ọgọ́ta ọdún ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà. Ó bọ́ sójú agbo pẹ̀lú aṣọ òkè tó ń tàn yanran, àwọn onífídíò yí i ká, iná kámẹ́rà wọn ń wọ̀ ọ́ lójú, olórin jùjú tàbí fújì sì kọjú sí i. Ohun tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu olórin jáde ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ ni oríkì, lẹ́yìn oríkì ni ilé bàbá rẹ̀, ọjà tó ń tà ní Balógun tàbí ní Ìdúmọ̀tà, àwọn ọmọ tó bí àti ẹgbẹ́ tó jẹ́ ìyálóde fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni onílù ń tẹ̀ lé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń náwó, nítorí náà òun ló ń sọ ìgbà tí orin náà máa gùn àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Kámẹ́rà lè dúró lórí ìdí rẹ̀ bó ṣe ń jó, kò burú, nítorí pé ìdí ẹnì kan tí a mọ̀ ni, tí kò sì sí ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀ lójú agbo lọ́jọ́ náà. N kò sọ pé òde àríyá jẹ́ ọ̀run rere fún obìnrin o. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kì í gbọ́ oríkì rẹ̀ níbẹ̀, obìnrin tí kò rọ́mọ bí sì mọ ẹsẹ orin tó máa ń bá a wí. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn wá pé wíwò nìkan kọ́ ni ẹjọ́ tó wà nílẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, kò kàn wá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ obìnrin dúdú ló sì sọ ọ́ jù. bell hooks, tó máa ń fi lẹ́tà kékeré kọ orúkọ ara rẹ̀, sọ ní 1992 pé Mulvey gbàgbé obìnrin dúdú, ẹni tí wọn kò ṣe sinimá náà fún, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ fi sínú rẹ̀, tó wá fi bẹ́ẹ̀ kọ́ bí a ti ń wo sinimá pẹ̀lú ojú tó ń ta kò ó. Nílé níbí, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ̀wé ní 1997 pé láàárín àwọn Yorùbá Ọ̀yọ́ kí òyìnbó tó dé, ọjọ́ orí ló ń pín ipò fún èèyàn, kì í ṣe pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin; ó ní ìjọba amúnisìn ló kó gbogbo obìnrin pọ̀ sójú kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tó rẹlẹ̀. Bibi Bakare-Yusuf dá a lóhùn ní 2003 pé bí ọjọ́ orí ṣe lágbára tó kò fi hàn pé agbára ọkùnrin lórí obìnrin kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọlará Ògúndípẹ̀-Leslie ní tirẹ̀ kò fẹ́ orúkọ fẹ́mínísìmù, ó dá orúkọ mìíràn, STIWA, sílẹ̀, tó dá lórí pé kí obìnrin wà nínú gbogbo àtúntò àwùjọ ní Áfíríkà, láìsọ ọkùnrin di ọ̀tá. Ìjà abẹ́lé ni wọ́n ń jà nígbà náà, wọn kò sì tíì parí rẹ̀.

Ìjà náà wúlò fún òǹwòran, nítorí ó ń mú kó rí ohun tí Mulvey kò lè rí láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹ wo fídíò orin Èkó tí olórin ti dárúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá náà jókòó sórí àga ńlá, gèlè rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ kún inú férémù, ó ń gbàdúrà, ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà mìíràn, orúkọ rẹ̀ gan-an wà nínú orin. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọbìnrin tí kò lórúkọ ti tún dé sí etí adágún. Kámẹ́rà kan náà ni, olùdarí kan náà ni, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń fi tíọ́rì òkèèrè nìkan wò ó á máa wá ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, nígbà tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó ń pariwo jù níbẹ̀ ni ti ìyá àti ọmọge. Ní tèmi, mo rò pé Oyěwùmí àti Bakare-Yusuf jàre lẹ́ẹ̀kan náà lórí irú fídíò yìí: ọjọ́ orí ń ṣiṣẹ́, kò sì gba àwọn ọmọge yẹn lọ́wọ́ ohunkóhun.

Ohun tí kò sí nínú àwòrán náà tún ṣe pàtàkì bí èyí tó wà níbẹ̀. Gaye Tuchman, onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1978 bí tẹlifíṣàn àti ìwé ìròyìn ṣe ń pa obìnrin rẹ́ láìfọwọ́ kàn án: wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á bẹnu àtẹ́ lù ú, tàbí wọ́n á sọ ọ́ di ohun kékeré. Àyẹ̀wò àgbáyé kan tí wọ́n ń ṣe lọ́dún márùn-ún márùn-ún lórí ìròyìn rí i pé ní 1995, obìnrin jẹ́ 17 nínú 100 èèyàn tí ìròyìn ń sọ̀rọ̀ wọn tàbí tó ń gbọ́ ohùn wọn. Ní 2020, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di 25. Ó yẹ kí èyí ya ará Èkó lẹ́nu ju ẹlòmíràn lọ. Erékùṣù Èkó ni Alimotu Pẹlẹwura ti ń ta ẹja ní ọjà Eréko, òun ló sì kó àwọn obìnrin ọjà jọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti kọ̀ fún ìjọba amúnisìn tó fẹ́ máa sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ. Èkó náà ni Lady Oyinkan Abayomi ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú obìnrin sílẹ̀ ní 1944. Ọjà àwọn arọ́pò wọn wà káàkiri títí dòní, àmọ́ nígbà tí fídíò orin bá ya ọjà Èkó, ìyá ọlọ́jà sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kámẹ́rà sáré kọjá lẹ́yìn olórin, òun pẹ̀lú atẹ ata rẹ̀.

Ti ìpolówó ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìwé tí Erving Goffman, onímọ̀ àwùjọ, gbé jáde ní 1979 kọ́ wa láti máa wo ọwọ́ àti ìdúró: ta ló ga, ta ló jókòó sílẹ̀, ta ló di nǹkan mú gírígírí, ta ló kàn fi ìka kàn án, ta ló ń kọ́ ta ní iṣẹ́. Ẹni tó bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòròdú Road ráyè dáadáa láti wo àwọn pátákó ìpolówó pẹ̀lú ìbéèrè wọ̀nyí. Nínú ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ, obìnrin ló sábà ń fọ̀, ohùn ọkùnrin ló sì sábà ń ṣàlàyé fún un bí ọṣẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, obìnrin tó ti ń fọṣọ láti kékeré!

Ọkùnrin pàápàá kò jàjàbọ́. Olórin tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ háyà yẹn, ṣéènì ọrùn rẹ̀, owó tó ń fọ́n, gbogbo rẹ̀ ń sọ fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ní Agége pé láìsí nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe ọkùnrin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ibi tí kámẹ́rà ti bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kí obìnrin dúró níwájú ẹgbẹ́ olórin gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá: Sàláwà Àbẹ̀ní ti ń gbé àwo wákà jáde láti 1976. Kẹ́mi Adétíba darí ọ̀pọ̀ fídíò orin kó tó ṣe sinimá, nínú King of Boys tó gbé jáde ní 2018, obìnrin ni gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́, ará Èkó gidi, tí àwọn ọkùnrin ń bẹ̀rù. Kì í ṣe pé bí obìnrin bá ti di olùdarí ni ojú kámẹ́rà yí padà lọ́jọ́ kan, nítorí iléeṣẹ́ tó ń sanwó fídíò ní ohun tó ń retí, olùdarí obìnrin sì mọ̀ ọ́n. Kí la fẹ́ sọ nípa olórin obìnrin tó yan aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń kọrin ara rẹ̀, tó wo kámẹ́rà lójú kòrókòró, tó sì ń jó bó ṣe wù ú? Apá kan nínú àwọn onímọ̀ ní òun gan-an ni òmìnira, pé ẹni tó bá ní kò mọ ohun tó ń ṣe ń ṣe sí i bí ọmọdé. Rosalind Gill, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ní 2003, ó kọ ọ́ pé ohun tó yí padà ni pé wọn kì í pàṣẹ fún obìnrin mọ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n wo òun. Wọ́n ń retí pé kó yàn án fúnra rẹ̀, kó sì sọ pé inú òun dùn sí i, kó má bàa dà bí ará oko.

Fóònù ti wá gbé ìjà yìí dé inú yàrá. Ọmọbìnrin kan lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní Ìyánà-Ìpájà, kó tan iná róbótó sí i, kó jó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì jẹ́ òun ni kámẹ́rà, òun ni olùdarí, òun ni oníjó, tí orúkọ rẹ̀ sì hàn gbangba lókè fídíò. Ojú rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọrùn ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ìbéèrè tí a ti ń bèèrè bọ̀, ó dáhùn èyí tó pọ̀ jù lọ́nà tó máa tẹ́ Mulvey lọ́rùn. Ṣùgbọ́n lálẹ́, ó ń ka iye èèyàn tó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n wò jù ló sì máa ṣe irú rẹ̀ lọ́la, nípa bẹ́ẹ̀ ojú tí kò sí nínú yàrá ti ń bá a ṣe olùdarí. Ti owó ló wá yé ni jù: iléeṣẹ́ ló ni orin tó ń jó sí, ẹni tó ni ìkànnì ló ń gba owó ìpolówó tó ń jáde láàárín rẹ̀, owó àpò ara rẹ̀ sì ni ọmọbìnrin náà fi ra dátà tó fi gbé e sókè.